Fóònù, Rẹ́kọ́dà àbí Sítúdíò: Èwo La Ó Fi Gba Ìtàn Àwọn Ọ̀gá Sinúkà Sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Ọkùnrin kan wà ní Under-G, nítòsí yunifásítì LAUTECH, tó ti ń fi sinúkà jẹun kí n tó wọ iléèwé girama. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, wákàtí kan ó lé ló fi sọ̀rọ̀. Ó sọ ti alẹ́ tí ọ̀gá kan gbéra láti Ìlọrin wá bá a, bí owó ṣe ń gorí owó, bí oníṣọ́ọ̀bù ṣe ti gbogbo wọn mọ́lé, àti bí bọ́ọ̀lù dúdú ṣe dé ẹnu ihò tó kọ̀ tí kò wọlé. Mo ń mi orí, mo ń rẹ́rìn-ín, fóònù mi wà lórí tábìlì láàárín wa. Nígbà tí mo délé, mo ki íápíìsì bọ etí. Jẹnẹrétọ̀ ni mo gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ fún odidi wákàtí kan ó lé, tí ohùn ọkùnrin kan ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń pe ọ̀kadà láti òdìkejì títì.

Láti ọjọ́ náà, mo ti gba ti èèyàn mọ́kànlá sílẹ̀, láti Under-G dé Sábó dé ọ̀nà Ìlọrin. Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti dán wò: fóònù lásán, fóònù tí a so máíkì àyà kékeré mọ́, rẹ́kọ́dà ọwọ́, àti sítúdíò tí a sanwó fún. Àwọn tó ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà ni mo torí wọn kọ èyí. Mo máa fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, àmọ́ kí n má fi pa mọ́ fún yín: ibi tí ẹni náà jókòó sí, àti ẹni tó jókòó tì í, ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ ra máíkì lọ.

Kí n ti orúkọ kúrò nílẹ̀ ná. Sinúkà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ púùlù ni. Tábìlì sinúkà gan-an gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ sì jẹ́ 22. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wa kéré sí i dáadáa, bọ́ọ̀lù aláwọ̀ 15 àti funfun kan ló wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún bàbá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìtàn àwọn oní-púùlù lẹ ń kó jọ, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni yóò rò, yóò sì ní kí ẹ fún òun ní nọ́ńbà. Sinúkà ni n ó máa pè é.

Àwọn kan tún ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn kọ ọ́ sínú ìwé. Willie Mosconi, ọmọ Amẹ́ríkà, gbá bọ́ọ̀lù 526 wọ ihò ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láì tàsé ẹyọ kan, ní Springfield ní ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 1954. Àwọn tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ó ṣojú àwọn. Ìwé yẹn ló kù. Kò sẹ́ni tó ya fídíò rẹ̀. Nígbà tí John Schmidt, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, gbá 626 lọ́dún 2019, wọ́n ya fídíò rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tiwa kò ní ìwé, wọn kò ní fídíò. Ẹnu wọn nìkan ló wà, ẹnu oníkàn la sì ti ń gbọ́ pọ̀n-ún.

Irinṣẹ́ mẹ́rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Fóònù lásán | Fóònù àti máíkì àyà | Rẹ́kọ́dà ọwọ́ | Sítúdíò |
|---|---|---|---|---|
| Owó | Ẹ ti ní in | Kò gbówó lórí | Ó gbówó lórí | Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń gbà á |
| Ariwo àdúgbò | Ó ń gbé gbogbo rẹ̀ | Ó ń gbé díẹ̀ | Ibi tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ sí ló kù sí | Kò sí |
| Ìṣesí ẹni tó ń sọ̀tàn | Kò pẹ́ tó fi gbàgbé rẹ̀ | Ó ń fọwọ́ kan wáyà fún ìgbà díẹ̀ | Ojú rẹ̀ ń lọ síbi iná pupa | Ó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò |
| Ohun tó yẹ fún | Ìtàn kúkúrú, ìpàdé òjijì | Ẹnì kan, ìtàn gígùn | Ẹni méjì tó ń jiyàn. Ìró tábìlì | Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ kà |

Fóònù lásán kò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe ń bú u. Bí a ṣe ń lò ó ló burú. Ìdí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí a ti ń fi iná sí i, ni máíkì rẹ̀ sábà máa ń wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ dí. Ohun kejì ni jíjìnnà. Tí ẹ bá sún fóònù sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, agbára ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin; ti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé kò ní dín ní nǹkan kan. Ohun tó ṣe mí ní Under-G nìyẹn. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu ẹni tó ń sọ̀tàn, ìwọ̀n ìnà ọwọ́ kan, kí ẹ sì ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa, nítorí ìpè kan péré lè dá ìgbohùnsílẹ̀ dúró láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ má fi fọ́ìsì nóòtì WhatsApp gbà á rárá. WhatsApp ń fún ohùn pọ̀ kó lè kéré láti fi ránṣẹ́, ohun tó bá sì ti fún dànù kò ṣeé wá padà.

Máíkì àyà ni èyí tí mo fẹ́ràn jù. BOYA BY-M1 ni mo ń lò, èyí kékeré tí wọ́n ń há mọ́ etí ẹ̀wù. Wáyà rẹ̀ gùn ní mítà 6, lọ́jọ́ tí mo sì rà á, mo ń bú wáyà yẹn pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀. Agbá-sinúkà kì í jókòó sọ̀tàn. Bó bá ti dé ibi tó dùn, yóò dìde, yóò tẹ̀ síwájú, yóò na ọwọ́ òsì sórí tábìlì tí kò sí níbẹ̀, yóò di ojú kan, yóò sì gbá bọ́ọ̀lù tí òun nìkan ń rí. Mo ti fi wáyà kúkúrú tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ gba irú rẹ̀ rí. Bí ọ̀gá náà ṣe fẹ́ fi hàn mí bí bọ́ọ̀lù funfun ṣe rìn padà sẹ́yìn, fóònù mi fò, ó balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ojú rẹ̀ fọ́, ìtàn sì dúró. Títí dòní mi ò mọ bí eré yẹn ṣe parí. Ó ní òun kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kó dùn bíi ti àkọ́kọ́.

Àṣìṣe kéékèèké wà tó máa ń ba máíkì yìí jẹ́. Bọ́tìnì kan wà lára àpótí kékeré orí wáyà, apá kan fún fóònù, apá kejì fún kámẹ́rà. Bó bá wà lápá òdì, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Fóònù tí kò ní ihò íápíìsì roboto nílò ìjápọ̀ (adapter), ẹ rà á mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ inú wọn a máa wọ ṣéènì sọ́rùn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ ọ, torí bí ṣéènì bá ń lu máíkì, bí ẹni ń jẹ eegun ni yóò dún. Bó bá jẹ́ àgbà tó wọ agbádá, ara bùbá inú ni kí ẹ há a mọ́, níbi tí apá agbádá kò ti ní máa gbá a.

Rẹ́kọ́dà ọwọ́ ń kọ́? Zoom H1n tí mo yá lò ń lo bátìrì AAA méjì, ó sì lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 10, èyí tó ṣe pàtàkì níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Máíkì méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ń gbọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ń gbọ́ òsì. Tí ẹ bá gbé e sáàárín ẹni méjì, ẹni tó bá fi íápíìsì gbọ́ ọ yóò mọ ẹni tó jókòó sí apá ibo. Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì tí a ká sábẹ́ rẹ̀, torí àwọn ọ̀gá wọ̀nyí a máa fọwọ́ gbá tábìlì bí wọ́n bá ń búra. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun gbogbo ló ń gbọ́: fáànù, àkùkọ, ẹni tó ń gúnyán ní ilé kejì. Mi ò ní sọ fún ẹni tó fẹ́ gba ìtàn èèyàn mẹ́ta pé kó lọ ra rẹ́kọ́dà.

Ti sítúdíò kò gùn. Mo mú ọ̀gá kan lọ, ọ̀kan lára àwọn tí ẹnu wọn mú jù ní gbogbo Sábó. Wọ́n gbé máíkì ńlá síwájú rẹ̀, wọ́n fi nǹkan bo etí rẹ̀, ó sì tún ọ̀fun ṣe. "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ wa nílé àti lẹ́yìn odi." Ogún ìṣẹ́jú ló fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ àti lọ́wọ́ gbogbo ọmọ ìlú. Ohùn náà mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀.

Ibi tí ẹ ó jókòó sí

Ohun tó wá sí ọkàn mi lẹ́yìn ti jẹnẹrétọ̀ ni pé kí n máa bá wọn nílé. Ilé dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, mo sì wòye pé gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá gbé abọ́ kọjá ni owó ń dín kù nínú ìtàn. Alẹ́ tí wọ́n ti fi odidi owó oṣù ta tẹ́tẹ́ yóò di "a kàn ń ṣeré ni." Àwọn kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi pé àwọn ò fi owó gbá a rí láyé àwọn.

Ṣọ́ọ̀bù sinúkà ló ń tú wọn lẹ́nu. Igi ìgbábọ́ọ̀lù ara ògiri ń rán wọn létí, ibi tí aṣọ tábìlì ti ya ń rán wọn létí. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, orin, jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan gbà.

Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kò tíì ṣí, ni mo wá yàn. Nǹkan bí aago méje, ilẹ̀kùn ní ìdajì, a kò tan jẹnẹrétọ̀, aṣọ ṣì bo tábìlì. Oníṣọ́ọ̀bù sábà máa ń gbà bí ẹ bá tètè bẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀gá náà bá sì fẹ́ dìde fi bó ṣe gbá a hàn, tábìlì gidi wà níwájú rẹ̀. Ẹ yẹra fún ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ àti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà òjò, ẹ wo ojú ọ̀run kí ẹ tó jáde. Kò sí máíkì tó lè bá òjò orí páànù jà. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbé omi dání, torí ètè tó gbẹ máa ń ta pọ́ pọ́ létí máíkì.

Ẹ̀yin náà mọ oríkì ìlú wa, ibi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Fún ẹni tó fẹ́ sọ̀tàn, ẹ yí i padà. Ẹ̀kọ ni kó mu. Mo ti gé ìgúnfẹ̀ mẹ́rìnlá kúrò nínú ìtàn ọkùnrin kan tó jẹ ọkà tán kó tó jókòó tì mí.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìró tábìlì fúnra rẹ̀ sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá: bí wọ́n ṣe ń tú bọ́ọ̀lù ká, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń ha orí igi, bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yí lọ nínú ikùn tábìlì lẹ́yìn tó wọ ihò. Níbí ni rẹ́kọ́dà ti na máíkì àyà pátápátá. Ẹ sì gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ̀yin tó máa gé ọ̀rọ̀ lè rí nǹkan fi dí ojú ibi tí ẹ bá gé.

Ẹnì kan, tàbí ẹni méjì?

Ní Amẹ́ríkà, ètò kan wà tó ń jẹ́ StoryCorps, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003. Ẹni méjì tó mọ ara wọn ni wọ́n ń mú jókòó, tí wọ́n á bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Mo dán an wò, ó sì mú nǹkan jáde tí ìbéèrè tèmi kò lè mú jáde láé. Ọ̀gá kan ti sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù méjì péré ló kù fún òun ní eré kan. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó bá a gbá a jókòó tì í. "Bọ́ọ̀lù méjì? Ìwọ? Márùn-ún ló kù fún ẹ, o tún lọ tọ̀ kí o tó gbá a, o pẹ́ débi pé a rò pé o ti sá lọ." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi ń wúkọ́. Ìtàn yẹn ni mo ka sí ìtàn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí mo fi ọmọ ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tì àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́ta, "bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà" ni ọmọ náà ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò lè já àgbà ní koro, kódà nígbà tí òun pẹ̀lú mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti gun òkè lọ. Ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ti ẹgbẹ́ bí ẹ bá ń wá àríyànjiyàn àti ẹ̀rín. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń gbá a ni ẹ fẹ́ kí àgbà ṣàlàyé, bí a ṣe ń di igi mú, bí a ṣe ń fi ògiri tábìlì gbá a, ọmọdé tó fẹ́ kọ́ ọ ló yẹ kó bi í, torí àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi, "Ẹ̀gbọ́n" ni mo ń pe gbogbo wọn, mi ò sì fi "o" bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí máíkì, àní àwọn tí mo jù lọ. Ó ń jẹ́ kí wọ́n gbàgbọ́ pé mi ò wá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó àti orúkọ ló le jù. Eré yìí kò yà sọ́tọ̀ kúrò lára tẹ́tẹ́ níbikíbi láyé. Efren Reyes, ọmọ Filipíìnì tó gba ife àgbáyé bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ní Cardiff lọ́dún 1999, ni orúkọ rẹ̀ ti dé Amẹ́ríkà kí ojú rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Nígbà tó dé Houston lọ́dún 1985, Cesar Morales ló ní kí wọ́n máa pe òun, kí àwọn tó fẹ́ fi owó bá a gbá má baà mọ ẹni tó jẹ́. Lónìí, ìtàn ẹ̀rín ni, òun náà sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ti àwọn tiwa ṣì gbóná. Ẹni tí wọ́n gba owó rẹ̀ lè máa gbé ní àdúgbò kejì, ó lè ti di díákónì. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àmọ́ àgbà tó ti gbàgbé pé máíkì wà lára òun lè da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, mo máa ń gba àṣẹ wọn sílẹ̀ ní ohùn wọn, níbẹ̀rẹ̀, kí ìtàn tó wáyé: orúkọ, ọjọ́, àti pé ó gbà. Lẹ́yìn náà mo máa ń padà lọ gbé e fún wọn gbọ́, mo sì ń yọ orúkọ tí wọ́n bá ní kí n yọ. Ẹnì kan ní kí n yọ gbogbo ìtàn òun. Mo yọ ọ́, ó sì dùn mí.

Fáìlì, ní ṣókí

WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀) tàbí MP3 (èyí tí a fún pọ̀)? Ẹ fi WAV gbà á, ẹ fi MP3 pín in. WAV ohùn kan (mono), ní ìwọ̀n tí àwo CD ń lò, ń gba nǹkan bíi MB 5 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí kan lé díẹ̀ ní MB 300. MP3 ti 128 kbps kò tó MB 60 fún wákàtí kan, dátà èèyàn yóò sì gbà á. Ẹ tọ́jú WAV síbi méjì tó yàtọ̀ síra. Mẹ́mọ́rì kádì kan ṣoṣo kì í ṣe ibi ìpamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà fún gígé ohùn, ni mo fi ń gé e, ọ̀fẹ́ ni, mi ò sì í gé gbogbo ìdánudúró wọn. Ẹni tó bá dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ iye tí òun pàdánù, ìdákẹ́jẹ́ yẹn wà lára iye náà.

Ẹni tó bá bi mí lónìí pé èwo ni kí òun mú, mo máa kọ́kọ́ bi í pé èèyàn mélòó ni. Ẹnì kan tàbí méjì: fóònù tí ẹ ní, ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ṣí, ó tó. Bó bá jẹ́ odidi àkójọ lẹ fẹ́ ṣe, ẹ ra máíkì àyà méjì kí ẹ tó ronú kan rẹ́kọ́dà, ẹ yá rẹ́kọ́dà fún ọjọ́ kan fún ìró tábìlì, kí ẹ sì fi owó sítúdíò ra epo ọ̀kadà.

Ti èmi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó padà sí Under-G. Ọ̀gá Ìlọrin tó gbéra lálẹ́ ọjọ́ náà ti gbà láti wá, ó ní òun náà ní ohun tí òun fẹ́ sọ nípa bọ́ọ̀lù dúdú yẹn. Aago méje àárọ̀ la fi sí. Mo ti bẹ oníṣọ́ọ̀bù pé kó má tan jẹnẹrétọ̀.